Abẹ́rẹ́ Ọkùnrin Naidamu

Òórùn ni Sísítà Makereta, nọ́ọ̀sì wa, kọ́kọ́ gbọ́. Ó tú báńdéèjì ẹsẹ̀ Salanieta lórí ẹní, ó sì fọwọ́ bo ẹnu. Àtàǹpàkò ti dúdú bí èédú, ìka tó tẹ̀ lé e ti wú. Ọdún kẹfà rèé tí ìtọ̀ ṣúgà ti ń bá obìnrin náà fínra.

"Ta ló fún yín lábẹ́rẹ́, Màmá?"

Salanieta gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Manasa, ọkọ rẹ̀, ló dáhùn. "Dókítà Sitiveni ni. Ará Naidamu."

"Dókítà ọsibítù wo?"

"A ò bi í."

"Ó gún ìyàwó yín lábẹ́rẹ́, ẹ ò bi í?"

"Sísítà, mo ní ará Naidamu ni. Tauvu wa ni! Ìwọ náà ọmọ Vunidilo ni. Ta ní ń bi tauvu ẹ̀ ní ìwé?"

Hẹn, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Baba ńlá kan náà ni wọ́n ní ó bí àwa ará Vunidilo àti àwọn ará Naidamu, òun là ń pè ní tauvu. Tí wọ́n bá dé, wọ́n lè bú wa, wọ́n lè kó adìẹ wa lọ, ẹ̀rín la ó fi rín in; bẹ́ẹ̀ làwa náà lè ṣe sí wọn. Jàgùdà yẹn mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó gbé yaqona, gbòǹgbò tí àlejò fi ń kí onílé, síwájú baálẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó yẹ kó sọ. Ó wá ní òun ń wo egbò ṣúgà láìgé ẹsẹ̀. Ṣé ẹ rí i, nínú àwọn mẹ́ta tó lọ sọ́sibítù láti abúlé wa, méjì padà lẹ́sẹ̀ kan, ẹnì kan ò padà. Ewé ni wọ́n fi ń di egbò fún oṣù mẹ́ta kí wọ́n tó lọ, ṣùgbọ́n ọsibítù la dá lẹ́bi. Àwa náà ò gbọ́n! Ilé mẹ́jọ ló gún lábẹ́rẹ́.

"Ọsibítù lónìí yìí, Màmá," Makereta ní.

"Wọ́n á gé e."

"Wọ́n lè gé ìka. Tẹ́ ẹ bá jókòó síbí, ẹ ó kú. Dókítà á sì fẹ́ mọ ohun tó wà nínú abẹ́rẹ́ yẹn. Níbo ni ọkùnrin náà wà?"

Àárọ̀ ọjọ́ náà ni ọkùnrin náà kúrò. Makereta àti Manasa gbé Salanieta sínú ọkọ̀ ojú omi ẹlẹ́ńjìnnì, wọ́n gbé ọlọ́pàá Epeli lọ́nà, wọ́n sáré tọ etí òkun lọ. Ní abúlé kejì, kókò tí ọkùnrin náà ń jẹ ṣì ń gbóná nínú àwo. Ó ti gbúròó ẹ́ńjìnnì wọn, ó ti gba inú ẹrọ̀fọ̀ sá lọ sí èbúté.

Wọ́n bá a níbẹ̀, ẹrẹ̀ dé orókún, ó ti tò sórí ìlà àwọn tó fẹ́ wọ ọkọ̀ ńlá.

"Mi ò lè tú báàgì ẹ̀ láìsí ìwé àṣẹ," Epeli sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Èmi ò nílò ìwé."

Makereta rìn lọ bá a. "Ìwọ ará Naidamu, olórí gbẹ̀ǹdù bí àgbọn gbígbẹ! Kí lo gbé wá fún wa?" Ó já báàgì náà gbà.

Gbogbo èbúté bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ń retí kó bú u padà.

"Olè!" ni ọkùnrin náà ké. "Ọlọ́pàá, ẹ mú un, olè ni!"

Ẹ̀rín kú. Ọmọ Naidamu wo ló ń pe tauvu rẹ̀ lólè? Ìyá àgbà kan dìde láti ibi ẹrù rẹ̀. "Ará Naidamu lèmi. Ọmọ ta ni ọ́ níbẹ̀?"

Ọkùnrin náà fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Manasa ti dúró sẹ́nu pákó tí wọ́n ń gbà wọ ọkọ̀, ó gbá a mú, àwọn méjèèjì ṣubú lulẹ̀, Epeli sì fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́. Àwòrán màlúù ló wà lára ìgò mẹ́sàn-án inú báàgì náà.

"Kí lo fún wọn?" Makereta bi í.

"Oògùn màlúù. Mo fomi là á."

"Omi wo?"

"Omi... omi odò."

"Ìwọ ẹni burúkú yìí! Orúkọ ẹ gan-an?"

"Aporosa. Oko màlúù ni mo ti ṣiṣẹ́. Mi ò dé Naidamu rí. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò pa èèyàn."

Makereta ò dúró gbọ́ ìyókù. Ó gbé ìgò kan dání, ó sì bá Salanieta wọ ọkọ̀ lọ sí ọsibítù.

Ẹ̀wọ̀n ń dúró de Aporosa, abúlé sì yọ̀. Ṣùgbọ́n ìdílé méje yòókù tó gún lábẹ́rẹ́ ò lọ sọ́sibítù. Sísítà padà wá, ó bẹ̀ wọ́n títí, ó sunkún lójú wọn. Ọjọ́ kejìlá, Salanieta fẹsẹ̀ ara rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ìka méjì péré ni wọ́n gé. Kò tilẹ̀ wọlé, ó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó ń na ẹsẹ̀ sí wọn, "Ẹ wò ó! Ẹ wò ó dáadáa!" Bàbá Inoke, ọ̀kan nínú wọn, ló kọ́kọ́ ní kí wọ́n bá òun di ẹrù. Lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ kan ló kó gbogbo wọn lọ sọ́sibítù.

Gbogbo wọn bọ̀ láàyè. Ẹsẹ̀ Inoke nìkan ni wọ́n gé dé orókún. Nígbà tí Epeli wá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ fún kóòtù, ó ní kó ka gbogbo ohun tí Aporosa bà jẹ́ fún un. Bàbá náà wo ẹsẹ̀ tí kò sí mọ́.

"Inú àtìmọ́lé lẹ ti Aporosa mọ́ ní gbogbo ọjọ́ méjìlá yẹn," ó ní. "Èmi ni mo jókòó sílé. Kọ ìyẹn náà sílẹ̀."