Àpá Èjìká Abíọ́nà

Ògiri olú-ìlú tuntun kì í sán kó pẹ́. Bí ó bá sán láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán yóò ti padé, bí egbò ọmọdé ṣe ń jinná. Ajinná ni àwọn onímọ̀ tó ṣe é sọ ọ́. Ohun abẹ̀mí ni: ó ń mí, ó ń mu omi, ó ń móoru nígbà ọyẹ́, ó sì ń tutù nígbà ooru. Láti òkèèrè ni wọ́n ti ń wá wò ó. Ilé tó bá lẹ́wà, ta ní í bi í léèrè ohun tó jẹ?

Ìyá Abíọ́nà náà wá wò ó. Ọdún méje sẹ́yìn ni Abíọ́nà, àkọ́bí rẹ̀, bá àwọn òṣìṣẹ́ lọ kọ́ ìlú náà, tí kò sì padà mọ́. Ìjọba kọ̀wé sílé pé ó sálọ. Láti ìgbà náà, ìyá kò mọ̀ bóyá kí òun máa retí rẹ̀ ni tàbí kí òun ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Ní ìlú wọn, ẹni tó bá kú sí ẹ̀yìn odi, wọn á gé irun àti èékánná rẹ̀ wálé, wọn á sì sin ín bí òkú. Ti Abíọ́nà, irun ọ̀hún dà? Nígbà tí Fèyíṣikẹ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin, gboyè tán ní yunifásítì, tó ní òun yóò mú àwọn òbí òun lọ ṣe fàájì níbi tó bá wù wọ́n, ìyá ní, "Mú mi lọ sí ìlú tí ọmọ mi kọ́."

Ní ẹnu bodè, ẹ̀rọ akanìyàn ló kí wọn. Ẹ̀rọ yìí ń fi èémí dá ẹbí mọ̀, ó sì ń ka àlejò bí wọ́n ṣe ń wọlé àti bí wọ́n ṣe ń jáde.

"Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin mẹ́ta," ló wí, ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù. "Ẹnì kẹrin yín ti wà nínú ilé."

Bàbá Abíọ́nà bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀rọ olówó gọbọi, kò mọ ení èjì! Àwa mélòó ló rí?"

Ìyá kò rẹ́rìn-ín.

Dókítà Ṣówándé, ọ̀kan nínú àwọn tó ṣe Ajinná, ló mú wọn káàkiri. Bàbá ń ya fọ́tò. Ìyá ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa ògiri lára bí wọ́n ṣe ń lọ. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ní òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan, korobá omi wà nílẹ̀, abẹ wà nínú rẹ̀, ògiri ibẹ̀ sì hu nǹkan dúdú kan tó rọ̀ múlọ́múlọ́.

"Koríko ni, Màmá," Ṣówándé sọ. "Wọ́n ń fá a láràárọ̀."

"Koríko kẹ̀?" Ìyá tó fá orí ọmọ tuntun rí, ta ni yóò pe irun ní koríko fún un?

Fèyíṣikẹ́ yíjú sí Dókítà. "Kí lẹ fi gbin ògiri yìí?"

"Awọ ara. Ìwọ̀n èékánná péré. Àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn ló fi sílẹ̀, wọ́n tọwọ́ bọ̀wé."

"Ìwé tí wọn ò lè kà."

"Ẹnu ẹ mú o, ọmọ yìí. Ṣé inú ilé tó ń jò ló wù ẹ́ ká kú sí ni?"

Ìyá kò gbọ́ wọn mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ti kan àpá kan lára ògiri, ó fẹ̀ bí ewé àgbálùmọ̀, etí rẹ̀ hunjọ. Abíọ́nà kò ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ nígbà tí epo gbígbóná dà sí i léjìká. Oṣù mẹ́ta gbáko ni ìyá fi ń fi òrí pa á.

"Dókítà, ọmọ mi, n kò kàwé. Ẹni tí iná jó, tó bá bímọ, ṣé ọmọ náà ń gbé àpá wáyé?"

"Rárá o, Màmá. Àpá kì í ran ọmọ."

"Bí ẹ bá wá gbin awọ ìwọ̀n èékánná, ṣé àpá ń bá a hù?"

"Kò lè…" Ó rí ibi tí ọwọ́ ìyá wà.

"Bàbá Abíọ́nà," ìyá pe ọkọ rẹ̀ jẹ́jẹ́, "ẹ̀rọ yẹn mọ ení èjì."

Ẹ̀rọ fọ́tò já bọ́ lọ́wọ́ bàbá.

"Gbogbo awọ kékeré tí a gbìn ló kú," Ṣówándé sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Odidi ènìyàn ló gbà. Àwọn tí àìsàn dá wó níbi iṣẹ́ nìkan ni a lò. Ìlú ń dúró dè wá, Màmá."

"Ṣé wọ́n ti kú kí ẹ tó mọ wọ́n mọ́ ògiri?" Fèyíṣikẹ́ bi í.

Lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ ìyá, ògiri mí kanlẹ̀.

Ìyá mú abẹ inú korobá. Ó gé irun díẹ̀. Nísàlẹ̀ àpá, níbi tí ọwọ́ ìbá wà, ohun funfun pẹlẹbẹ kan yọrí. Ó gé òun náà. Ó so wọ́n mọ́ etí ìborùn rẹ̀.

"Abíọ́nà, iṣẹ́ tó. Jẹ́ ká lọ sílé."

Ibi tó gé sán. Kò padé. Ṣówándé fi ọwọ́ méjèèjì di ògiri náà mú, ṣùgbọ́n ó ń sán lọ sókè.

Ìlà àwọn àlejò gùn lẹ́nu bodè nígbà tí wọ́n débẹ̀, abẹ ṣì wà lọ́wọ́ ìyá.

"Ó dàbọ̀, ẹ̀yin mẹ́rin," ẹ̀rọ akanìyàn wí. "Ó ku ẹgbẹ̀rún méjì ó lé mọ́kàndínlọ́gọ́rin nínú ilé."

Ẹ̀rọ kò wí bẹ́ẹ̀ rí, nítorí kò sí èyí tó jáde rí nínú àwọn tí wọ́n mọ mọ́ ògiri.

Obìnrin arúgbó kan tó ń wo irun tó yọ létí ìborùn náà bọ́ síwájú láti inú ìlà, ó na ọwọ́ sí Ìyá Abíọ́nà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ìyá, ẹ yá mi ní abẹ yẹn."