Òwú Pupa Lára Ṣíbí Mi

Alágbàfọ̀ ni mí. Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí mo ti ń fọ aṣọ èèyàn. Àwọn oníbàárà mi ń pè mí ní Gbọnrangandan, nítorí wọ́n ní ṣòkòtò tí mo bá lọ̀ lè dá dúró láìsí ẹsẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ bi mí lórúkọ àbísọ. Ìtìjú ò tíì tán lójú mi.

Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, ọ̀gá mi fi òfin méjì lé mi lọ́wọ́. Èkíní: aṣọ tí àwọ̀ rẹ̀ bá ń ṣí, so òwú pupa mọ́ ọn, má jẹ́ kó bá aṣọ ẹlòmíì wọ omi kan náà. Èkejì: ohun tó o bá bá nínú àpò aṣọ, dá a padà fún ẹni tó ni ín, kó o sì pa ẹnu ẹ dé. Òfin gidi ni méjèèjì. Àwọn náà ni mo sì fi fojú ara mi rí màbo fún oṣù márùn-ún.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, mo ń yẹ àpò aṣọ wò kí n tó rẹ wọ́n sínú omi. Aṣọ funfun gígùn kan wà níbẹ̀, ti oníbàárà kan tó ti ń kó aṣọ wá fún mi láti ọdún mẹ́fà. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Aláṣọ Funfun. Òun fúnra ẹ̀ ló ní kí n sọ ìtàn yìí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ àti ibi tó ń gbé kò kan ẹnikẹ́ni.

Mo bá káàdì ilé ìwòsàn nínú àpò náà. Ojú mi ti kà á kí n tó rántí òfin ọ̀gá mi. Káàdì àwọn tó ń gba oògùn kòkòrò HIV ni.

Mo tètè dá a padà sápò. Mo gbé aṣọ náà sókè kí n gbọ̀n ọ́n, àfi fíì! Pínnì tí aránṣọ gbàgbé sí etí aṣọ gún mi ní àtàǹpàkò. Ẹ̀jẹ̀ tó yọ ò ju bíńtín lọ.

"Mo gbé!" ni mo pariwo. Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn, èmi nìkan ni mo wà ní ṣọ́ọ̀bù.

Mo fi ọṣẹ fọ ọwọ́ náà títí awọ ẹ̀ fi hunjọ. Ta ni kí n sọ fún? Bí mo bá sọ fún ìyàwó mi, yóò béèrè pé aṣọ ta ni. Mo pa ẹnu dé. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo mú òwú pupa láti ṣọ́ọ̀bù lọ sílé. Mo so ó mọ́ ṣíbí mi, mo so ó mọ́ etí kọ́ọ̀pù mi àti táwẹ́ẹ̀lì mi, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì lò wọ́n. Èmi gan-an ni mo wá di aṣọ tó ń ṣí.

"Bàbá ọmọ mi, kí ni ti òwú yìí?" ìyàwó mi béèrè.

"Kí n lè mọ tèmi ni."

"Ẹni mẹ́ta péré la wà nínú ilé yìí o! Ṣé ṣíbí yín ti ń sọnù tẹ́lẹ̀ ni?"

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, mo ní iṣẹ́ pọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sùn ní ṣọ́ọ̀bù, lórí tábìlì tí mo fi ń lọ aṣọ. Irọ́ ni. Iṣẹ́ ò pọ̀ rárá.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má gbàdúrà kẹ́ ẹ mọ irú ìdánìkanwà yẹn. Aṣọ olówó aṣọ á so rọ̀ yí mi ká, apá wọn á máa mì bíi ti èèyàn, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó máa kí mi kú iṣẹ́. Ìdúró ni mo ti ń jẹun, kí n lè tètè ṣe tán. Tí ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, bá ti iléèwé dé, tó sáré wá dì mọ́ mi, mo máa ń na ọwọ́ mi sókè bí ẹni tí ọlọ́pàá na ìbọn sí. Nígbà tó yá, kò sáré wá mọ́. Á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Dádì, ẹ káàsán," á sì lọ. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀, mo sunkún sórí aṣọ oníbàárà, mo ní láti tún un fọ̀.

Mo wá ń ti ibì kan bọ́ sí ibòmíì láti ṣàyẹ̀wò. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án! Àkọ́kọ́ jẹ́ ọjọ́ kejì tí pínnì gún mi. Ìgbà tí mo ṣe ìkẹsàn-án, ó ti lé ní oṣù mẹ́rin. Níbì kan, mo ní bíríkìlà ni mí. Nọ́ọ̀sì wo àpá iná áyọ́ọ̀nù lápá mi, ó ní, "Bíríkìlà, ṣé ẹ máa ń fi áyọ́ọ̀nù lọ bíríkì ni?" Ohun kan náà ni gbogbo wọn sọ: kò sí kòkòrò kankan lára mi. Tí mo bá gbọ́ ọ, ara á tù mí títí mo fi máa dé ìta. Kí n tó sọdá títì, ọkàn mi á ní, "Bí ẹ̀rọ wọn bá ti bàjẹ́ ńkọ́?"

Mò ń rù, mò ń làágùn. Àràárọ̀ ni mò ń yọ ahọ́n wò nínú dígí. Bí mo bá wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, mo ti sin ara mi tán nìyẹn.

Ní Ọjọ́rú kan, ìyàwó mi wá sí ṣọ́ọ̀bù. Kò jókòó.

"Bí ẹ bá ti ní obìnrin míì, ẹ sọ fún mi. Bí mo bá ń rùn sí yín, ẹ sọ fún mi. Oṣù márùn-ún ni mo ti ń dá sùn bí opó. Ní Sátidé, èmi àti ọmọ ń lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. A ò ní padà."

Mo ń wò ó títí ó fi lọ.

Lọ́jọ́ kejì, Aláṣọ Funfun wá kó aṣọ rẹ̀. Mo wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà méjì léra wọn, mo fi ṣóńṣó ìka gbé ìdì náà fún un. Ó wo ọwọ́ mi. Ó tú ìdì náà, ó sì fa òwú pupa tí mo ti so mọ́ aṣọ rẹ̀ jáde.

"Ẹ̀gbọ́n, aṣọ funfun ni gbogbo ìwọ̀nyí. Àwọ̀ wo ló fẹ́ ṣí lára wọn?"

Mò ń wolẹ̀.

"Ẹ ti rí káàdì mi," ló wí.

Kò pariwo. Ì bá tiẹ̀ sàn kó pariwo. Omi lé sójú ẹ̀. "Mo ní àbúrò kan tí kì í fi kọ́ọ̀pù tí mo bá lò mumi. Mo rò pé ibí yìí yàtọ̀. Ẹ̀yin náà ti so mí sọ́tọ̀."

Mo jókòó sílẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́, mo sì ro gbogbo ẹjọ́ mi fún un: pínnì, àyẹ̀wò mẹ́sàn-án, ìyàwó tó ń lọ ní Sátidé. Mo ní mo ti kó àrùn kògbóògùn.

"Kò gbóògùn kẹ̀? Kí wá ni mò ń gbé mì ní àràárọ̀ láti ọdún mọ́kànlá?" Ó nu ojú ẹ̀. "Ọkọ mi ò ní in. Àwọn ọmọ mi méjèèjì ò ní in. Oògùn ti tẹ kòkòrò náà rì débi pé àyẹ̀wò ò rí i mọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ mi. Ẹni tó bá rí bẹ́ẹ̀, tó ń lo oògùn ẹ̀ déédéé, kò lè kó o ran ẹni tí wọ́n jọ ń sùn. Ẹ̀yin wá ń sọ ti pínnì! Ẹ ti ṣọ́ọ̀bù yín, ká lọ."

Ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì agbaninímọ̀ràn tó ń tọ́jú rẹ̀ ló mú mi lọ.

"Ṣé ẹ rí ẹ̀jẹ̀ lára pínnì náà?" nọ́ọ̀sì béèrè.

"Rárá."

"Aṣọ náà ti tó ọjọ́ mélòó lọ́dọ̀ yín kí pínnì tó gún yín?"

"Ọjọ́ mẹ́ta."

"Kòkòrò yìí kì í pẹ́ kú bó bá ti kúrò lára èèyàn. Kì í gbé inú aṣọ, kì í gbé ara ṣíbí. Pínnì aránṣọ ò sì ní ihò tí ẹ̀jẹ̀ lè sá pamọ́ sí bíi ti abẹ́rẹ́ ìṣègùn. Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti ṣàyẹ̀wò?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní kò sí."

"Ṣé ẹ fẹ́ máa ṣe é lọ títí wọ́n á fi ní ó wà ni?"

Aláṣọ Funfun bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mi ò rántí ìgbà tí mo rẹ́rìn-ín gbẹ̀yìn.

"Èyí tẹ́ ẹ ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ti parí ọ̀rọ̀," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ẹ ò ní HIV. Ìbẹ̀rù ló ń ṣe yín. Ẹni tí kò sùn, tí kò jẹun, ṣé á sanra ni? Irú ìbẹ̀rù bẹ́ẹ̀ máa ń sọ èèyàn di aláìsàn, ó sì ní ìtọ́jú."

Ó ní mi ò gbọ́dọ̀ ṣe ìkẹwàá. Ó ní tí kì í bá ṣe pé mo fẹ́ fá irùngbọ̀n, kí n fi dígí sílẹ̀. Ó ní kí n máa wá bá òun sọ̀rọ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí n sì sọ̀rọ̀ nílé lọ́jọ́ náà gan-an. Mo wo Aláṣọ Funfun.

"Ẹ sọ ti pínnì," ó ní. "Ẹ fi orúkọ mi sílẹ̀."

Báàgì méjì ti wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí mo délé. Mo sọ gbogbo rẹ̀ lórí ìdúró, àfi orúkọ ẹni tó ni aṣọ. Ìyàwó mi gbọ́ ọ délẹ̀, kò já lu ọ̀rọ̀ mi.

"Oṣù márùn-ún," ó ní. "Ẹ sì jẹ́ kí n máa rò pé ẹ ò fẹ́ mi mọ́."

Ó dìde, ó mú ṣíbí mi. Ó fi eyín já òwú pupa náà, ó tu ú dànù. Ó fi ṣíbí náà bu oúnjẹ, ó jẹ ẹ́, ó tún bu òmíràn, ó nà án sí mi.

"Ẹ gbà."

Mo gbà á. Ọmọ wa ń yọjú lẹ́nu ọ̀nà. Mo pè é, ó wo ọwọ́ mi ná kó tó sáré wá. Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò na ọwọ́ sókè.

Ìbẹ̀rù náà ò lọ lọ́jọ́ kan o. Ó ṣì máa ń kan ilẹ̀kùn mi nígbà míì, ṣùgbọ́n mo ti mọ ohùn ẹ̀. Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, ìdí nìyẹn tí mo fi ń bá yín sọ̀rọ̀.

Bí ewu gidi bá ṣẹlẹ̀ sí yín, bí abẹ́rẹ́ ìṣègùn tí wọ́n ti lò fún ẹlòmíì bá gún yín, tàbí ẹ bá ẹni tẹ́ ẹ ò mọ bó ṣe wà sùn láìlo rọ́bà ìdáàbòbò, ẹ má jókòó sílé máa ronú. Kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, ẹ sáré lọ sílé ìwòsàn. Oògùn wà tó lè dí kòkòrò náà lọ́nà, bẹ́ ẹ bá sì ṣe tètè dé tó ló ṣe dára tó. Bí ẹ ò bá mọ̀ bóyá ewu ni, ẹ bi àwọn tó mọ̀ ọ́n. Ẹ ṣàyẹ̀wò nígbà tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ ṣe é, kẹ́ ẹ sì gba èsì tí wọ́n bá fún yín gbọ́. Bó bá tiẹ̀ wà, ẹ lo oògùn. Aláṣọ Funfun ń gbé ayé ẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín jù mí lọ. Ṣíbí, kọ́ọ̀pù, aṣọ àti ìdìmọ́ra kì í kó o ranni. Bí èsì bá ní kò sí, tí ọkàn yín ò sì balẹ̀, ẹ lọ tọ́jú ọkàn náà. Ẹ má dá a gbé.

Òwú pupa ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù mi. Aṣọ ni mo ń so ó mọ́. Kò sí èèyàn tó ń ṣí.