Okùn Kẹfà Lára Gìtá Bàbá

Okùn márùn-ún ti wà lórí gìtá náà, ó ku ẹyọ kan. Lemtuna jókòó sórí ẹní nínú yàrá ìyá rẹ̀ ní Tamanrasset, ìlú kan láàárín aginjù, ó gbé gìtá oníná tó jẹ́ ti bàbá rẹ̀ lé itan, ó sì ń tú okùn tó tín-ín-rín jù nínú bébà tí wọ́n ká a sí. Irin ti gé e ní ìka méjì. Ẹni tí kò ṣe irú iṣẹ́ yìí rí lè pè é ní eré ọmọdé. Ẹni tó bá ti ṣe é rí mọ̀ pé okùn tín-ín-rín lè fi ojú èèyàn rí màbo.

"Má lọ́ ọ pa o!" Kawsen ló pariwo láti ẹnu ọ̀nà. Ọmọ àbúrò bàbá Lemtuna ni, ọmọ ọdún méjìdínlógún. Oṣù tó kọjá ni wọ́n wé láwàní àgbà fún un, láti ìgbà náà ni kò sì ti sí ẹni tó gbọ́dọ̀ rí imú rẹ̀ mọ́ nínú ilé.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n ráyè, jàre."

"Gòjé olókùn kan làwọn ìyá wa ń ta. Ẹyọ kan ṣoṣo! Ìwọ wá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ látorí mẹ́fà."

"Ẹ máa sọ ọ́ lọ. Lọ́la, ẹ̀yin lẹ ó máa wò mí lẹ́nu."

Kawsen rẹ́rìn-ín lábẹ́ láwàní, ó sì bá ti ewúrẹ́ tí wọ́n fẹ́ pa lọ. Ọ̀la ni ìgbéyàwó Lalla, ẹ̀gbọ́n Lemtuna. Ìyá wọn kò tíì kọrin láti ọdún kan àti oṣù méjì tí bàbá wọn ti kú, bẹ́ẹ̀ òun ni olóhùn iyọ̀ tí gbogbo àdúgbò mọ̀. Lalla ló kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí tó fi gbà láti kọ orin kan péré, èyí tí bàbá wọn fi fẹ́ ẹ. Lemtuna ni yóò ta gìtá sí i. Ẹ̀rù ń bà á. Ó dá a lójú pé bí orin yẹn bá fọ́ mọ́ ìyá òun lẹ́nu, kò ní kọ òmíràn mọ́ láyé.

Bàbá Amud, bàbá Kawsen, ló gbé okùn náà fún un kó tó fi ọkọ̀ gbé àwọn àlejò tó wá ṣèbẹ̀wò lọ sórí òkè. Awakọ̀ akẹ́rù kan ló bá wọn gbé e wá láti Algiers, ìrìn ọjọ́ mẹ́ta, kò sì sí òmíràn nílùú. "Fi ọwọ́ ara rẹ so ó," Bàbá Amud wí. "Bí ó bá ku kí o tún ohùn rẹ̀ ṣe, ní kí ìyá rẹ kùn sí ọ létí. Ohùn ẹni tó máa kọrin la fi ń tún gìtá ṣe níbí. Má kánjú. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Lemtuna ti so ó báyìí o. Ó fa okùn kẹfà láti ìdí gìtá gba ọrùn rẹ̀ kọjá, ó ti ẹnu rẹ̀ bọ ihò irin ìlọ́ tó wà lórí, ó yí i títí tó fi dúró. Ó ku kó pe ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ wà lẹ́yìn ògiri níbẹ̀, ó ń po ìyẹ̀fun búrẹ́dì tí wọ́n fẹ́ sin sínú iyanrìn gbígbóná kó lè jinná. Lemtuna dìde lẹ́ẹ̀mejì, ó jókòó padà lẹ́ẹ̀mejì. Bí ó bá bú sẹ́kún ńkọ́? Bí ó bá ní òun ò kọ mọ́ ńkọ́?

Dípò kó pè é, ó fa àpótí bàbá rẹ̀ jáde, ó sì mú kásẹ́ẹ̀tì kan níbẹ̀. Orin ọ̀hún gan-an ló wà lórí rẹ̀. Ó kì í bọ ẹ̀rọ, ohùn bàbá rẹ̀ sì jáde, ó ga, ó sì mú bí ohùn ọ̀dọ́mọkùnrin. Omi lé sí Lemtuna lójú. Ó wí lọ́kàn ara rẹ̀ pé, "Báyìí gan-an ni yóò rí lọ́la." Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ okùn kọ̀ọ̀kan títí ohùn rẹ̀ yóò fi bá ti kásẹ́ẹ̀tì mu. Àwọn tó nípọn gbà fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n le gan-an lábẹ́ ìka. Nígbà tó kan ẹlẹ́ẹ̀kẹfà, okùn náà ń han bí ẹ̀fọn. Ó yí i díẹ̀ sí i. Ohùn rẹ̀ kò tíì dé ibẹ̀. Ó tún yí i díẹ̀.

Pàù! Okùn já, ó sì nà án ní àgbọ̀n bí ẹgba.

Ó jókòó síbẹ̀, ó ń wo okùn tó ká jọ sórí ẹní. Ta ni yóò sọ fún? Kawsen tí yóò fi í ṣẹ̀sín dọdún ni, tàbí Bàbá Amud tó ní kó má kánjú? Ibi tó ti ń ronú ni ọkàn rẹ̀ ti lọ sí gìtá Bàbá Amud tó wà ní yàrá òdìkejì, èyí tí Kawsen fẹ́ ta sí àwọn orin yòókù lọ́la. Okùn mẹ́fà ló wà lára tiẹ̀, ó pé. "Kawsen kúkú mọ̀ ọ́n ta," ó ń bá ara rẹ̀ sọ ọ́. "Márùn-ún tó o. Bí a bá ṣe tán, màá dá a padà." Báyìí ni olè ṣe ń bá ara rẹ̀ dúnàádúrà. Ó wọ yàrá náà, ó tú okùn tín-ín-rín yẹn, ó sì so ó mọ́ ti bàbá rẹ̀. Ẹ̀rù kò jẹ́ kó tún lọ́ ọ le tó ti àkọ́kọ́, ó dẹ gbogbo okùn náà ní ìwọ̀nba. Síbẹ̀, wọ́n ga.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, àgọ́ ìgbéyàwó kún. Àwọn obìnrin jókòó yí Lalla ká, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Bàbá Amud ti dé láti orí òkè, eruku ṣì wà lára aṣọ rẹ̀. Kawsen yọ gìtá bàbá rẹ̀ jáde láti inú àpò, ó sì dúró gbagidi.

"Bàbá, okùn kan ò sí níbí."

"Kò sí báwo? Ìwọ lo mú un gbẹ̀yìn!"

"Mi ò fọwọ́ kàn án."

"Irọ́ ló kù! Ọjọ́ wo lo tọ́jú nǹkan rí? Wọ́n wé láwàní fún ọ, ọpọlọ ọmọdé ló wà lábẹ́ rẹ̀."

Àwọn obìnrin kan rẹ́rìn-ín. Níwájú obìnrin ni ìtìjú yìí ti bá a, lójú ẹbí ọkọ ìyàwó, ọkùnrin tí láwàní rẹ̀ kò tíì pé ogójì ọjọ́. Kawsen fa láwàní sókè títí ó fi ku ojú nìkan, ó sì jáde. Lemtuna rí gbogbo rẹ̀. Ó fọwọ́ bo okùn tín-ín-rín tó wà lára gìtá rẹ̀.

"Ó yá, ọmọ mi," Bàbá Amud wí fún un.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Ìyá rẹ̀ ya ẹnu, ohùn rẹ̀ jáde, ó gun òkè lẹ́ẹ̀kan, ó sì fọ́. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì. Ohùn tún fọ́. Ó fi ìborùn bo ẹnu.

"Ẹ jẹ́ ó sinmi," obìnrin kan wí. "Kò tíì tó àkókò."

Ìyá Lemtuna mi orí. "Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Gìtá yìí ló ga jù. Lemtuna, ohùn ta lo fi tún un ṣe?"

Lemtuna gbé gìtá sílẹ̀. "Màámi, ẹ̀rọ ni mo tẹ̀ lé. Kásẹ́ẹ̀tì bàbá wa. Okùn já mọ́ mi lọ́wọ́, mo wá lọ tú ti Bàbá Amud. Ẹ̀gbọ́n Kawsen ò mọ nǹkan kan. Èmi ni olè."

Bàbá Amud fọwọ́ bo ojú. "Kásẹ́ẹ̀tì yẹn," ó wí. "Inú aginjù la ti gbà á sílẹ̀, bátìrì ẹ̀rọ wa sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Ẹ̀rọ ń fà tìkọ̀ nígbà tó ń gba ohùn. Bí o bá wá fi sínú èyí tó dáa, á máa sáré, ohùn á sì ga. Ohùn tí o gbọ́ yẹn, kì í ṣe tiẹ̀."

"Ohùn ẹni tó lọ kò tín-ín-rín bẹ́ẹ̀ rí," ìyá rẹ̀ wí. Wọn kì í pe orúkọ òkú níbẹ̀. Omijé ń ṣàn lójú rẹ̀, kò sì nù ún. "O gbẹ́kẹ̀ lé ẹ̀rọ. Èmi tí mo wà láàyè lẹ́yìn ògiri, o ò pè mí."

"Ẹ̀rù bà mí pé ẹ máa sunkún."

"Ṣé n kò sunkún báyìí?"

Lemtuna lọ bá Kawsen lẹ́yìn ògiri ilé, ó kúnlẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀. Kawsen yí ojú sí i.

"O wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń bú mi."

"Mo wà níbẹ̀."

"O panu mọ́."

"Mo panu mọ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má bínú."

Kawsen kò sọ pé òun dárí jì í, kò sì sọ pé òun kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dìde, ó tẹ̀ lé e padà. Bàbá Amud dúró de ọmọ rẹ̀ ní ẹnu àgọ́, ó sì sọ ọ́ kí gbogbo èèyàn lè gbọ́: "Kawsen, mo ṣì ọ́ bú. Dárí jì mí." Lẹ́yìn náà ló kọjú sí Lemtuna. "Jókòó sẹ́sẹ̀ ìyá rẹ. Tún un ṣe bí mo ṣe ní kí o ṣe é. Bí o bá parí, gbé e fún ẹ̀gbọ́n rẹ. Òun ni yóò ta á."

Báyìí ni Lemtuna ṣe jókòó níwájú gbogbo ayé, tí ojú ń tì í. Ìyá rẹ̀ ń kùn jẹ́jẹ́, Lemtuna sì ń dẹ okùn kọ̀ọ̀kan díẹ̀díẹ̀. Ohùn ìyá rẹ̀ wà nísàlẹ̀ gan-an, ó nípọn ju ti ìgbà tí bàbá rẹ̀ wà láyé. Ọ̀fọ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá ohùn náà mu, ó gbé gìtá fún Kawsen, ó sì bọ́ sẹ́yìn láàárín àwọn tó ń pàtẹ́wọ́.

Ìyá rẹ̀ kọ orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ohùn rẹ̀ kò sì fọ́. Lalla ń sunkún, Bàbá Amud ń sunkún. Lemtuna ń pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú ìka tí okùn gé. Orin tó fẹ́ ta débi tó fi jalè ló ń lọ yẹn, ọwọ́ ẹlòmíràn ló sì wà. Ó yé e lọ́jọ́ náà pé ìbéèrè tí a kò béèrè lọ́wọ́ alààyè lè sọ èèyàn di olè, àti pé ẹni tó bá panu mọ́ nígbà tí wọ́n ń fi ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ bú ẹlòmíràn ti jalè lẹ́ẹ̀mejì: ó jí ẹrù, ó sì jí iyì. Ẹrù ṣeé dá padà lọ́jọ́ kan. Iyì, èèyàn á kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá a padà.