Nọ́ńbà Tó Jáde Lẹ́nu Màrdíyyàh

"Kílò mọ́kànlélọ́gọ́rùn-ún," ni Nọ́ọ̀sì Ayọ̀kúnnúmi wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Màrdíyyàh kọ ọ́ sínú ìwé. Lọ́jọ́ tí nọ́ọ̀sì wá yẹ ara àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wò nílé ẹ̀kọ́ wọn l'Ọ́fà, òun ló yàn láti bá a kọ̀wé, nítorí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára. Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo ló ṣe fún un: "Ohun tó bá wọ inú ìwé yìí kò gbọdọ̀ gba ẹnu rẹ jáde."

Ifáníkẹ́, ọmọ kíláàsì rẹ̀, sọ̀ kalẹ̀ lórí ìwọ̀n, ó dorí kodò. Nọ́ọ̀sì yẹ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì, ó kọ lẹ́tà, ó sì fi lé e lọ́wọ́.

"Fún màmá rẹ. Kí ẹ jọ lọ sí ọsibítù. Dókítà á yẹ̀ ọ́ wò, ẹni tó mọ̀ nípa oúnjẹ á bá yín sọ̀rọ̀, èmi náà á máa bójú tó ọ níbí. Ìfúnpá rẹ ga, àmọ́ a tètè rí i."

Nígbà tí wọ́n lu agogo ìsinmi, Fatimah, ọmọ kíláàsì wọn, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yí Màrdíyyàh ká. "Ṣebí ìwọ lo kọ ọ́? Kílò mélòó ni Ifáníkẹ́?"

Ó kọ́kọ́ kọ̀.

"Àbí ìwọ náà ti di nọ́ọ̀sì ni?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Màrdíyyàh kò fẹ́ kí wọ́n yọ òun sọ́tọ̀, ló bá sọ ọ́. Kí wọ́n tó jáde ilé ẹ̀kọ́, "Mọ́kànlélọ́gọ́rùn-ún" ti di orúkọ Ifáníkẹ́. Wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀ títí dé géètì. Ifáníkẹ́ yíjú padà, ó wo Màrdíyyàh lójú kòrókòró. Màrdíyyàh náà ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́.

Láti ọjọ́ kejì, wọn kò rí Ifáníkẹ́ nílé ẹ̀kọ́ mọ́. Oúnjẹ kò wá dùn lẹ́nu Màrdíyyàh mọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, nọ́ọ̀sì padà wá.

"Ifáníkẹ́ ńkọ́? Wọn ò tíì rí i ní ọsibítù."

"Ẹ jọ̀ọ́, Mà, èmi ni mo fà á." Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì kò pariwo. Ó kàn gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyẹn dun Màrdíyyàh ju ẹgba lọ.

"Ẹ rò pé ọ̀kánjúwà nìkan ló ń mú ènìyàn sanra jù. Àìsàn ni. Ó lè wà nínú ìdílé, ó lè jẹ́ irú oúnjẹ tí à ń jẹ, tàbí àìsùn dáadáa. Ìdí ìwòsàn la ń fà á wá, ìwọ lo lé e sá."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Màrdíyyàh gun ọ̀kadà lọ sí Ijagbo, níbi tí àwọn òbí Ifáníkẹ́ ti ń dáko. Ìyá rẹ̀ ń bó gbágùúdá lẹ́yìnkùlé.

"Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ọ́? Ọjọ́ kẹta rèé tí kò jẹun. Ó ní òun fẹ́ fọn. Òyì kọ́ ọ lánàá, ó ṣubú."

Màrdíyyàh kúnlẹ̀. "Mi ò yẹ lẹ́ni tí ẹ ń pè lọ́rẹ̀ẹ́, Mà." Ó sọ ohun tó ṣe, ó sì sọ̀rọ̀ lẹ́tà náà, tí ìyá kò gbọ́ nípa rẹ̀ rí.

Ifáníkẹ́ yọjú lẹ́nu ọ̀nà. "Ṣé o tún wá wọ̀n mí ni?"

Màrdíyyàh bẹ̀ ẹ́ tẹkúntẹkún.

Ní ọjọ́ kejì, ìyá mú ọmọ rẹ̀ lọ sí ọsibítù. Dókítà, ẹni tó mọ̀ nípa oúnjẹ, nọ́ọ̀sì àti olùkọ́ eré ìdárayá ilé ẹ̀kọ́ wọn fọwọ́ sowọ́ pọ̀ lórí rẹ̀, gbogbo ilé sì jọ yí oúnjẹ padà, kó má baà dà bí ìjìyà fún òun nìkan. Ìfúnpá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, ó sì padà sí kíláàsì. Ó ń dá Màrdíyyàh lóhùn bó bá kí i, àmọ́ kò jókòó tì í mọ́. Àwọn kan ṣì ń pe orúkọ burúkú náà, bí Màrdíyyàh tilẹ̀ ń bá wọn jà.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹni tó ń bá ara rẹ̀ jìjàkadì, olùrànlọ́wọ́ ló ń wá. Ẹ má ṣe fi í ṣẹ̀sín.