Aṣọ Kẹta Nínú Àpótí Paramọ́lẹ̀

Aṣọ méjì tó rùn fún òógùn ni Theophilus kó lọ sí Ìbefùn lọ́dún 1984, tirẹ̀ àti ti Matilda, ìyàwó rẹ̀, nígbà tó lọ ra ejò tó fẹ́ máa sìn nílé. Bàbá Sùnmọ́nù tó ń mú ejò gbé wọn sí imú, ó sì béèrè ìkẹta.

"Èmi àti ìyàwó mi nìkan ló wà nílé, bàbá."

"Ẹ̀yin mẹ́ta ni, Tíṣà," ni bàbá náà wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Orí aṣọ ará ilé ni ejò ń sùn fún ọjọ́ méje kó tó bá wọn gbé. Ẹni tí kò bá mọ òórùn rẹ̀, ọ̀tá ló máa kà á sí."

Theophilus rẹ́rìn-ín. Tíṣà Bàọ́lọ́jì ni, ohun tó wà nínú ìwé ló gbà gbọ́. Ara sèbé tí wọ́n kọ́kọ́ fi hàn án kò balẹ̀, ọká sì ti tóbi jù. Paramọ́lẹ̀ kan tó ká jọ bí òṣùká nínú ìkòkò ló wù ú.

Kì í ṣe pé kò múra o. Ó kan àpótí onígíláàsì, ó fi àwọ̀n wáyà bo orí rẹ̀, ó da iyanrìn sí i, ó sì so kọ́kọ́rọ́ àgádágodo mọ́ ọrùn. Ó tiẹ̀ béèrè abẹ́rẹ́ tó ń pa oró ejò ní ọsibítù. Ọ̀rọ̀ bàbá nìkan ló kọ etí ikún sí.

Nígbà tí ejò dé ilé wọn ní Ìjẹ̀bú-Òde, tó sì ti sùn lórí aṣọ méjèèjì fún ọjọ́ méje, wọ́ọ́rọ́wọ́ ló ń bá tọkọtaya gbé. Ó pẹ́ díẹ̀ kí dókítà tó sọ fún Matilda pé ó ti lóyún oṣù mẹ́ta. Theophilus ka oṣù sẹ́yìn, ó kan ọjọ́ Ìbefùn. Ẹ̀rù bà á gidigidi.

Bí ikùn Matilda ti ń yọ ni ejò bẹ̀rẹ̀ sí í gbé orí sókè nígbàkígbà tí obìnrin náà bá ń kọjá, á máa mí fùù. Theophilus ní Sátidé lòun máa dá a padà, kó má baà pa òun lọ́mọ.

Láàárọ̀ Jímọ̀, ejò dákẹ́. Ó ká jọ nínú àpótí sórí ẹ̀wù funfun kékeré tí Matilda ń hun fún ọmọ. Àgádágodo wà ní títì, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́rùn Theophilus. Ó fi ọ̀pá kọ́ ẹ̀wù náà jáde, Matilda sì gbé e sí imú.

"Theo," ó rọra sọ̀rọ̀, "òórùn ọmọ tuntun ni. Ẹnìkan ti wọ̀ ọ́."

Oṣù mẹ́rin ló ṣì kù kó bímọ.