Ọkọ̀ Tí Mma Boikanyo Yàn fún Olè

Gbààà! Gbààà!

Ìbọn ẹlẹ́nu méjì bú lọ́sàn-án gangan nínú ọgbà tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ ní ìlú Maun. Gbogbo wọn dojú bolẹ̀: ẹni tó ń ta ọkọ̀, Mma Boikanyo tó wá rà á, àti ọkọ rẹ̀.

Tebatso, ọ̀gá ọlọ́ṣà, di àpò owó mọ́ abíyá. Ọkọ̀ tó gbé wá ti kú sẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n méjì ń kùn níwájú rẹ̀, torí tọkọtaya náà ń dán wọn wò lọ́wọ́. Ọ̀kan kéré, ó ń dán, awọ ni wọ́n fi bo ìjókòó rẹ̀. Èkejì rí gàgàrà, àga méje, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló fi ń wa ilẹ̀.

“Ká gbé ńlá, ọ̀gá!” ni Gofaone, ọmọọṣẹ́ rẹ̀, wí. “Ó máa gba inú igbó!”

“Èmi Tebatso? Nínú ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó ọmọ lọ síléèwé? Ṣé mo jọ dírẹ́bà jẹ́lé-ó-sinmi?”

Mma Boikanyo gbórí sókè díẹ̀ nínú iyanrìn. “Ọmọ mi, gbé kékeré. Ó yẹ ọ́. Ẹtu ni lójú títì.”

“Ìyàwó mi!” Ọkọ rẹ̀ kérora. Kékeré yẹn lòun fẹ́ rà. Àtàárọ̀ ni wọ́n ti ń jà sí i.

“O gbọ́, Gofaone? Màmá mọ nǹkan tó dáa!”

Vùùùùn!

Bí wọ́n ṣe jáde báyìí, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí dún: kín-ín! kín-ín! Iná pupa kan ń ṣẹ́jú.

“Kí ló ń wí, ọ̀gá?”

“Ó ń kí olówó rẹ̀ tuntun.” Tebatso fọwọ́ pa ìfúnpá apá rẹ̀. “Ọlọ́pàá tó máa bá mi, wọn ò tí ì bí i!”

Lóòótọ́, kò sẹ́ni tó bá wọn, títí wọ́n fi dé géètì ibi tí wọ́n ti ń dènà àrùn màlúù. Erin ti wó waya tí wọ́n fi pààlà ibẹ̀ lulẹ̀ lókè lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n iyanrìn ibẹ̀ jìn, ikùn ọkọ̀ kékeré sì sún mọ́lẹ̀ jù.

“Ẹ paná ọkọ̀, ẹ wá tẹ bàtà yín sínú oògùn tó ń pa àrùn,” ni Rra Motlhabi, arúgbó tó ń ṣọ́ géètì, wí.

“Kọ lu igi tó dínà yìí, ọ̀gá! Igi lásán ni!”

Tebatso wo bàtà rẹ̀. Màlúù tí bàbá rẹ̀ fẹ́ fi gbéyàwó fún un wà lódìkejì waya. Kí òun fẹsẹ̀ ara òun gbé àrùn lọ bá wọn? Olè lòun, òun ò ya wèrè.

Ó paná ọkọ̀. Ó bọ́ọ́lẹ̀. Ó tẹ bàtà méjèèjì dáadáa.

Arúgbó gbé igi sókè. Tebatso padà wọlé, ó tẹ bọ́tìnnì.

Kẹ́!

Ó fọwọ́ pa ìfúnpá, ó tún un tẹ̀.

Kẹ́!

“Kọ́kọ́rọ́ dà, ọ̀gá?”

“Kọ́kọ́rọ́ wo? Ìwọ rí ihò kọ́kọ́rọ́ níbí?”

Kọ́kọ́rọ́ wà lápò ẹni tó ń ta ọkọ̀, ní Maun. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ti ń ṣiṣẹ́, kò ní kú bí kọ́kọ́rọ́ tilẹ̀ jìnnà sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá paná rẹ̀, kò ní tàn mọ́. Ohun tó ń torí ẹ̀ ké kín-ín nìyẹn.

Gofaone gbé ìbọn. Ọta méjèèjì ti tán ní Maun!

Gùrùrùrùrù! Ọkọ̀ ńlá tí wọ́n fi sílẹ̀ ní Maun já gba ibi tí erin ti wó waya, eruku bo gbogbo ilẹ̀. Ọlọ́pàá mẹ́ta bẹ́ sílẹ̀, ṣẹkẹṣẹkẹ dún. Mma Boikanyo ló ń wakọ̀. Ọkọ rẹ̀ jókòó tì í.

Nígbà tí wọ́n ti olè sẹ́yìn tán, ó yíjú sí ọkọ rẹ̀.

“Ọlọ́pàá mẹ́ta, olè méjì, èmi àti ẹ̀yin. Ẹ jọ̀ọ́, ọkọ mi, ta ni kékeré yín ì bá já sílẹ̀ nínú wa?”