Ọmọ Ìjẹ̀ṣà Kan Nínú Wọn

Gbogbo èèyàn inú ṣọ́ọ̀bù géèmù tó wà ní Old Garage l'Òṣogbo ń pariwo pé Bọ́lárìnwá ti kú nínú géèmù, ẹ̀rín ni òun ń rín ní tirẹ̀. Ó yíjú, ó na pádì tó fi ń ta géèmù sí ọmọbìnrin tó dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Ọmọ Òròkí, gbà, bá mi gbẹ̀san."

Bí ọkàn Humairah ṣe lọ nìyẹn. Akọ̀ròyìn géèmù ni lórí ìkànnì kan. Bọ́lárìnwá ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ tó ń ṣe géèmù l'Òṣogbo. Kò pẹ́ tí wọ́n fi di kòríkòsùn.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Bọ́lárìnwá sọ ohun tó ń dùn ún. Àwòrán tí ilé iṣẹ́ wọn ń pè ní tiwọn nínú géèmù tuntun, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ẹ̀sà-Òkè ló yà á. Wọn ò tọrọ rẹ̀, wọn ò dárúkọ ọmọ náà.

"Ṣé kí n kọ ọ́?"

"Kọ ọ́, olólùfẹ́ mi. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé èmi ni o. Iṣẹ́ yìí ni mo fẹ́ fi gbé ọ níyàwó."

Humairah bá akẹ́kọ̀ọ́ náà sọ̀rọ̀, ó rí àwòrán tó kọ́kọ́ yà, ó sì bi ilé iṣẹ́ náà léèrè kó tó kọ ọ̀rọ̀ kankan. Kò dárúkọ Bọ́lárìnwá. Àmọ́ ìfẹ́ kì í jẹ́ kéèyàn pa ẹnu mọ́! Orí rẹ̀ ń wú nítorí olólùfẹ́ rẹ̀, ló bá kọ ọ́ pé: "Ọmọ Ìjẹ̀ṣà olóòótọ́ kan nínú wọn ló sọ fún wa."

Ọmọ Òṣogbo ni gbogbo àwọn yòókù níbi iṣẹ́ náà. Wọ́n lé Bọ́lárìnwá, ó kó ẹrù rẹ̀ padà sí Iléṣà.

Akẹ́kọ̀ọ́ náà rí orúkọ rẹ̀ gbà padà, àwọn èèyàn sì ń yin Humairah. Oúnjẹ ò lọ lọ́fun rẹ̀. Ó wọkọ̀ lọ sí Iléṣà, ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá Bọ́lárìnwá.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ forí jì mí. Mi ò dárúkọ rẹ̀."

"Ṣé orúkọ nìkan ni wọ́n fi ń mọ èèyàn ni?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra, ó bú sẹ́kún. Bọ́lárìnwá jáde wá, ó fà á dìde.

"Òṣómàáló mi, mo ti ba iṣẹ́ rẹ jẹ́."

"O ò parọ́. Ẹnu yín l'Òṣogbo ló kàn gùn." Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ti rù. "Géèmù tèmi ni mo fẹ́ máa ṣe báyìí. Ṣé wàá fẹ́ mi bẹ́ẹ̀?"

"Màá fẹ́ ọ. Àmọ́ tí mo bá ti di ìyàwó rẹ, n ò gbọdọ̀ kọ nípa iṣẹ́ rẹ láéláé. Ta ni yóò gbà mí gbọ́?"

Bọ́lárìnwá di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn, ààfáà Humairah àti pásítọ̀ Bọ́lárìnwá ló jọ ṣàdúrà fún wọn. Nígbà tí géèmù tí Bọ́lárìnwá ṣe jáde, Humairah fara ti ọkọ rẹ̀, ó ń ka ohun tí àwọn akọ̀ròyìn mìíràn kọ nípa géèmù náà fún un. Ọ̀kan nínú wọn yin iṣẹ́ náà títí, kò sì dárúkọ ẹni tó ṣe é.

Ọwọ́ ń yún Humairah láti kọ orúkọ náà síbẹ̀. Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó sì rọra pe orúkọ ọkọ rẹ̀ sí i létí.